Hẹn Tí Fàúsát Jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Fàúsát Dàwódù lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Hẹn ni. Wọ́n bá ní ṣé ó ti jẹun, á ní hẹn. Wọ́n bá ní kó dúró bá ẹlòmíì ṣe ṣíìfù, á ní hẹn. Aládùúgbò ní ó jọ pé òjò máa rọ̀, hẹn. Aládùúgbò tún ní ó jọ pé kò ní rọ̀ mọ́, hẹn náà ni.

Àwọn èèyàn ń yìn ín. Wọ́n ní ọmọ yẹn lọ́kàn, pé kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin bàbá rẹ̀, òun ló ń rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó lọ́kàn. Bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí ṣe máa ń kú, bẹ́ẹ̀ ni inú Fàúsát ṣe kú, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí kò tíì jí.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkejà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí bẹ́líìtì tó ń gbé bísíkíìtì kọjá ló máa ń dúró sí, tí á máa ṣa èyí tó fọ́ kúrò láàárín èyí tó dáa. Iṣẹ́ náà bá a lára mu, torí bísíkíìtì kì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Bó bá ṣíwọ́, á wọkọ̀ padà sí Agége, sínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù síbẹ̀.

Òjò ló mú un pàdé Olúgbénró. Oṣù Keje ni, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí òjò ká a mọ́ ìtòsí Pẹn Sinimá, ló bá sá wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe. Ọkùnrin kan jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fara pamọ́ fún òjò."

"Ẹ jókòó. Ẹ ṣáà má tíì sọ̀rọ̀, ó ku ìṣẹ́jú méjì."

Ìlú olódi kan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n náà. Àrùn ń jà lẹ́yìn odi. Ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ibodè pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, obìnrin arúgbó kan sì wà níta tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń pe ọkùnrin yẹn ní ọmọ òun. Àwòrán náà dúró. Ohun méjì yọ sójú rẹ̀ pé kéèyàn mú ọ̀kan: kó ṣí i, tàbí kó tì í. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù Kọkànlá ni géèmù náà máa jáde.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún géèmù ọ̀hún gùn, ṣùgbọ́n Oníbodè ni òun ń pè é.

"Ìwọ ni oníbodè," ó ní, ó ti gbàgbé pé òun ò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. "Bó o bá ṣí i fún ìyá ẹ, àrùn á wọlé, ọmọ ọlọ́mọ á kú. Bó o bá tì í, ìwọ lo pa ìyá ẹ. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Èyí tó wá le jù ni pé o ò lè padà. Àwọn géèmù tó kù, bó o bá ṣàṣìṣe, wàá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lákọ̀tun. Eléyìí, ohun tó o bá ti tẹ̀, o ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

"Kò sí àtúntẹ̀ rárá?"

"Kò sí."

Nǹkan kan mira nínú Fàúsát. Kò tóbi, kò sì pẹ́, ṣùgbọ́n ó mira. "Màá tì í," ó ní.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà yíjú padà wò ó. Gbogbo ẹni tó ti fi hàn títí di ọjọ́ yẹn, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni wọ́n ń pa. "Kí ló dé tó o fi máa tì í?"

Fàúsát ronú díẹ̀. "Kó lè jẹ́ pé èmi ni mo tì í lóòótọ́. Kó lè jẹ́ pé mò ń wò ó nígbà tí mo tì í."

Òjò dá. Kò sí ẹni tó rántí pé òjò ti dá nínú àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ọjọ́ tí kò bá síṣẹ́, Fàúsát á yà sí ṣọ́ọ̀bù, á jókòó ti Olúgbénró bó ṣe ń tú páàdì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù palẹ̀ tó ń tò ó padà, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ Oníbodè bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìlú tó fẹ́ kó lọ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Olúgbénró. Lọ́jọ́ Àìkú, á wọ sùtánà funfun, á rìn láìwọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì fi ẹsẹ̀ eléruku kan náà yà sílé láti wá wò bóyá wọ́n ti gbé fídíò míì jáde nípa géèmù rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbà.

Ó bó ọsàn fún Fàúsát lọ́jọ́ kan. "Ṣé ó dùn?"

"Hẹn."

"Hẹn kọ́ ni mo bi ẹ́."

"Kí lo wá fẹ́ kí n sọ?"

"Ó dùn, tàbí kò dùn. Bó bá kan, sọ pé ó kan."

Fàúsát tún ọsàn náà fi sẹ́nu, ó wá fiyè sí i. "Ó kan díẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n!" Olúgbénró rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta lọ́rẹ. "Ẹnu ẹ ṣì wà níbẹ̀."

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, àwọn tó ń ṣe géèmù kéde pé oṣù Kọkànlá ò ṣeé ṣe mọ́, ó di oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀. Olúgbénró bínú bí ẹni tí ìyàwó àfẹ́sọ́nà já kulẹ̀. Fàúsát náà, ó dùn ún. Ó sì yà á lẹ́nu pé ohun kan lè dun òun. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, iná ò sí, tẹlifíṣọ̀n ò ṣiṣẹ́, ló bá lanu sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Bàbá mi ní àyà ń dun àwọn. Wọ́n wá jókòó tì mí, èmi ń wo fóònù. Wọ́n ní, 'Fàúsá, ṣé ká jẹ́ kó di ọ̀la ká tó lọ sọ́sibítù?' Mo ní hẹn. Gbénró, mi ò gbójú sókè. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí, ó wá ṣe mí bíi pé kí n tún un sọ, mo wá sọ nínú ara mi pé ṣebí ó lè di ọ̀la náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́..."

Kò parí rẹ̀. Olúgbénró ò sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó kàn gbé páàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọwọ́ Fàúsát mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí iná fi dé. Fàúsát ń retí kí ẹkún wá. Kò wá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ wà nílé nígbà tí ebi ò tíì pa á.

Àǹtí Jọkẹ́ ló gba iṣẹ́ alárinà, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Fàúsát wà, ìdí ẹ̀rọ tó ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá lòun ń dúró sí, àdúgbò kan náà sì ni òun àti ìyá Fàúsát ń gbé. Nínú oṣù Kejìlá, ó ní ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kí òun mú ìyá lọ wo ọmọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti kọ́ Olúgbénró ní gbogbo ohun tó yẹ: kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó gbé àga fún wọn, kó má sọ̀rọ̀ jù.

Olúgbénró dọ̀bálẹ̀. Ó gbé àga. Ó bu omi tútù fún wọn. Inú ìyá ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, àṣé àbùkù ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán ni ìyá fi bi í pé, "Kí lẹ̀ ń wò lójú tẹlifíṣọ̀n yìí, ọkọ mi?"

Ẹni tí wọ́n bá bi ní ohun tó fẹ́ràn, kì í mọ ibi tó yẹ kó dánu dúró sí.

"Géèmù tá à ń retí ni, mà. Ẹ wò ó, ìyá yín ló wà níta yìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn."

"Mọ́ ìyá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n á sì kú síbẹ̀."

"Ó wá ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ó dáa gan-an ni, mà! À ń ka ọjọ́. Fàúsát gan-an ti ní òun máa tì í."

Àǹtí Jọkẹ́ ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá yí sí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Fàúsá, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Hẹn," ni Fàúsát wí.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá ò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, Jọkẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ onígbàgbọ́, ó sì rójú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ọjọ́ tí wọ́n máa jẹ́ kó pa ìyá ẹ̀, mi ò lè fún un lọ́mọ."

"Géèmù ni, Ìyá Fàúsá! Géèmù lásán làsàn!"

"Mo gbọ́. Kó máa ṣe géèmù ẹ̀ lọ."

Fàúsát ò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó padà sídìí bẹ́líìtì, ó ń ṣa bísíkíìtì.

Oṣù Kìíní ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Suara dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ń ta táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù ló júwe rẹ̀. Ó ti wá kí ìyá lẹ́ẹ̀mejì. Fàúsát gbé omi fún un, ó kí i, ó bọ́ sí yàrá. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, ìyá pè é sórí fóònù ní àsìkò ìsinmi, ẹ̀rọ ń dún gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́.

"Àwọn èèyàn Suara... Sátidé tó ń bọ̀... ṣé kí n dá wọn lóhùn?"

"Hẹn."

"Alihamudulilai!" Ìyẹn nìkan ló gbọ́ ketekete.

Kó tó délé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé Fàúsát ti jẹ́ hẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Alhaji Dàwódù, ti pè láti Ìjẹ̀bú pé òun máa wà níbẹ̀. Kódà Àǹtí Jọkẹ́ tinú ń bí ṣe é ní yẹ̀yẹ́. "Láyé àtijọ́, ọkùnrin á rìn títí bàtà ẹ̀ á fi jẹ kí ọmọbìnrin tó jẹ́ hẹn fún un. Ìjọ́hẹn tìẹ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ!"

Fàúsát lè sọ pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ló dúró sí tó ń ro ó. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín láti ọdún méjì, ó sì ń pe ènìyàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fàúsát bi ara rẹ̀ bóyá òun ò fẹ́ Suara. Kò rí ìdáhùn. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ. Kò rí ti ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sọ fún Olúgbénró. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iná ti lọ.

Olúgbénró pa tẹlifíṣọ̀n. "Hẹn ẹnu ni, àbí hẹn inú?"

"Mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́."

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Fàúsá. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá síbẹ̀ wá da nǹkan rú mọ́ màmá ẹ lọ́wọ́. Ìwọ lo di kọ́kọ́rọ́ mú."

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí Àǹtí Jọkẹ́ ṣe ń bá a we gèlè, fóònù rẹ̀ dún. Olúgbénró ló kọ̀wé ránṣẹ́: "Wọ́n tún ti sún Oníbodè síwájú. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé wàá dúró?" Fàúsát kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dojú fóònù dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn èèyàn Suara ò ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ ní apá kan, àwọn ará ilé jókòó ní apá kejì. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n wá pe Fàúsát jáde. Ó kúnlẹ̀ láàárín. Alhaji Dàwódù sọ fún wọn pé nílé tiwọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn máa ń bi ọmọ, torí ẹnu lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ṣì í sọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Fàúsátù ọmọ Dàwódù, àwọn èèyàn yìí ní àwọn rí òdòdó kan lágbàlá wa. Ṣé ká dá wọn lóhùn?"

"Hẹn," ni Fàúsát wí. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

"Mo tún bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ká dá wọn lóhùn?"

"Hẹn."

Ìyá rẹ̀ ti ń nu ojú. Alhaji wúkọ́ díẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀, ó fẹ́ fi ìkẹta dá àwọn èèyàn lára yá. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bóyá kò dá a lójú o! Fàúsá, ṣé ká dá wọn lóhùn, àbí ká jẹ́ kó di ọ̀la?"

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ohùn kan náà ni òun àti bàbá Fàúsát ní.

Fàúsát gbójú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rí ẹni tó ń bi í: ojú bàbá arúgbó, fìlà tó ṣẹ́ sápá kan, eyín tó ti yọ níwájú. Ó wo Suara, ó rí i pé òógùn ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Rárá," ó ní.

"Rárá sí èwo? Sí ọ̀la?"

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Mi ò gbà. Ẹ̀yin Bùọ̀dá Suara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Hẹn tí mo ń jẹ́, mi ò gbọ́ ìbéèrè rárá tí mo fi ń jẹ́ ẹ."

Ẹ̀yin náà mọ bí pálọ̀ ṣe máa rí lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Alhaji ní ọmọ tó bá ń ṣe báyìí kò lẹ́bí. Obìnrin kan ní kí wọ́n gbé e lọ síbi àdúà. Suara ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Ó sàn kó jẹ́ òní ju ẹ̀yìn yìgì lọ." Ó wo Fàúsát, ó kàn mi orí, ó jáde, àwọn èèyàn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Alhaji ló jáde gbẹ̀yìn. Ó pa géètì ilé dé gbàmù, ó fi irin tì í láti ìta.

Fàúsát bá ìyá rẹ̀ nínú yàrá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìborùn rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Màámi, kí n tó jẹ́ hẹn fún yín lórí fóònù, mo ti jẹ́ ẹ fún bàbá." Ó sọ gbogbo rẹ̀: àyà tó ń dùn wọ́n, ìbéèrè, fóònù tó wà lọ́wọ́ òun. Ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ gbá òun létí.

Ìyá ò wò ó. "Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀?"

"Ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n bi. Wọ́n wá bá mi ní kíṣìnnì. Wọ́n ní, 'Fàúsá ní kó di ọ̀la. Ìwọ ńkọ́?' Mò ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. Mo ní hẹn."

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ kọ́tìnnì wọlé. Ìyá tún sọ pé, "Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn ń ṣàlàyé géèmù ẹ̀, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn wọn, mo rò pé ó mọ̀. Mo rò pé o ti mọ̀, o lọ sọ fún un. Èmi ni mo rò pé wọ́n ń bá wí."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tí Fàúsát ti ń retí wá dé. Kò wá pẹ̀lẹ́. Ó sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé ó ń dun òun, ó ń dun òun, ìyá rẹ̀ sì fà á mọ́ra, òun náà ń sunkún. Kò sí èyí tó ń rẹ èkejì lẹ́kún.

Nígbà tó ṣe, ìyá fi ìborùn nu imú. "Ọmọkùnrin náà, nígbà tó o sọ fún un, kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú."

Ìyá ká ìborùn náà lé itan. "Ẹran tá a sè fún àlejò pọ̀. Pè é kó wá jẹun."

Fàúsát ṣí fóònù. Ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀: ṣé wàá dúró? Ìka rẹ̀ ti tẹ hẹn kó tó mọ̀. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: "Màá dúró. Mo fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ má dúró síbẹ̀, máa bọ̀." Èsì dé kíá.

"Ṣé ó ń bọ̀?" ni ìyá bi í.

"Ó ń bọ̀, Màámi."

Ìyá dìde, ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yíká bọ́ síta, ó lọ ṣí géètì tí Alhaji tì.